Iye Akàn

Aago mẹ́rin ààbọ̀ òwúrọ̀ ní Punta Arenas,
afẹ́fẹ́ ti ń gbá ilẹ̀kùn bí ẹni tí mo jẹ lówó.
Mo wọ bàtà rọ́bà, mo wọ kóòtù méjì léra,
mo wo Nahuel lójú oorun, ó ti ta bùláńkẹ́ẹ̀tì nù,
mo bò ó, mo lọ.
Wọ́n ta okùn sí ẹ̀gbẹ́ títì níbí
kí èèyàn rí nǹkan dì mú nígbà tí ìjì bá ń gbé àgbàlagbà.
Mo máa ń dì í mú. Ojú kì í tì mí.

Akàn pupa là ń fọ́ níléeṣẹ́ wa,
akàn tó tóbi ju orí ọmọ ọwọ́ lọ, ẹlẹ́gùn-ún lẹ́sẹ̀.
Fọ́ ẹsẹ̀, fa ẹran, tò ó sínú agolo.
Àwọn tí yóò jẹ ẹ́ kò mọ orúkọ ìlú yìí.
Èmi Yasna, ó di ọdún mọ́kànlá tí mo ti ń fọ́ ọ,
n kò tíì fi owó ara mi rà á jẹ rí.

Nahuel, ọmọ ọdún mẹ́jọ, bi mí pé
eélòó ni wọ́n ń san fún mi lórí akàn kan.
Mo sọ fún un. Ǹ bá má ti sọ.
Láti ọjọ́ náà ló ti ń fi akàn ṣírò ayé:
bàtà ilé-ìwé, igba akàn ó lé mẹ́wàá;
gáàsì oṣù keje, tí yìnyín bo ojú fèrèsé,
ó ka ìka, ó dákẹ́, ó tún un kà, ó ní,
“Màmá, akàn inú òkun lè má tó.”
Ìyá ọkọ mi, Uberlinda, rẹ́rìn-ín títí tíì fi dà sí i lẹ́sẹ̀.
Èmi náà rẹ́rìn-ín. Mo fọwọ́ bo ẹnu,
nítorí eyín tó kán lọ́dún tó kọjá,
eyín tí mò ń tọ́jú owó rẹ̀ sínú agolo mílíìkì,
tí mo sì ń yáwó lọ́wọ́ agolo náà lóṣooṣù.

Ọkọ̀ ló gbé ọkọ mi lọ.
Oṣù mẹ́ta lójú omi, nígbà mìíràn mẹ́rin.
Owó Eliecer máa ń dé ṣáájú ohùn rẹ̀.
Bí fóònù bá dún, a ó sọ ti gáàsì,
a ó sọ ti òrùlé, ti oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ìyá;
bí ọ̀rọ̀ ìfẹ́ bá ti fẹ́ kàn, nẹ́tíwọ́ọ̀kì á já.
Àbí àwa la máa ń dúró kó já? Mi ò mọ̀.

Ìgbà tó wálé kẹ́yìn, ó gbé àpótí kan wọlé:
dùrù ẹlẹ́wìrì, àlòkù,
ó rà á lọ́wọ́ arúgbó kan ní èbúté.
Kò mọ̀ ọ́n tẹ̀. Kò mọ̀ ọ́n tẹ̀ rárá!
Owó gáàsì oṣù méjì.
Mo sọ ọ̀rọ̀ kan sí i lọ́jọ́ náà tí n kò lè kọ síbí.
Ó ní, “Láti ọmọ ọdún méjìlá ni mo ti ń fa àwọ̀n.
Mo fẹ́ fa nǹkan tó lè kọrin.”
Mo ní kó fi orin náà dáná fún wa.
A ò tíì parí ìjà tí ọkọ̀ fi fọn fèrè.

Wọ́n ní ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́.
Irọ́ ni. Ọ̀rọ̀ mìíràn wà níbẹ̀,
ẹsẹ̀ ló ká kò, ó ń retí kí ebi sún díẹ̀.

Lálẹ́ àná mo ti ọwọ́ bọ omi ọsàn wẹ́wẹ́
kí òórùn akàn lè lọ (kì í lọ).
Nahuel ní, “Màmá, akàn mélòó ni Dádì?”
Mo ní, “Sùn.”

Nígbà tó sùn, mo fa àpótí náà jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.
N kò tẹ nǹkan kan. Mo kàn fà á.
Ẹwìrì rẹ̀ ti ń jò, ó mí kanlẹ̀
bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ẹrù kalẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà.
Uberlinda ké láti yàrá kejì,
“Ṣé Eliecer ti dé ni?”

Mi ò dáhùn.
Mo tún un fà.